Àwọn Tí Kò Ní Ọjọ́ Ìbí Lórí Kàlẹ́ńdà

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Samuel Àjàyí Crowther wà ní Abẹ́òkúta. Ó ní ìwé kàlẹ́ńdà àwọn Kristẹni kan lọ́wọ́, èyí tó ń fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀. Inú Sáàmù ni ẹsẹ ọjọ́ náà ti wá: ìwọ ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Crowther da ẹsẹ náà kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ tẹ̀lé e pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ òun lára rí bíi ti ọjọ́ yẹn, nítorí pé ìyá òun, tí wọ́n já òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn, ti bá arákùnrin òun wá òun wá.

Nígbà tí ìyá rí ọmọ, kò kọ́kọ́ gbà gbọ́ pé òun ni. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀. Omijé ń dà lójú ìyá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà ọmọ náà fi ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àgbà yẹn ti kú sí oko ẹrú.

Mo fẹ́ràn àkọsílẹ̀ yìí ju gbogbo ohun mìíràn tí mo ti kà nípa Crowther lọ. Èmi náà jẹ́ ẹni tó fi ọkàn sí kàlẹ́ńdà ìtàn. Láràárọ̀, kí n tó jáde nílé, mo máa ń fi ohun kan ránṣẹ́ sí ojú ìwé WhatsApp ẹbí wa: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ òní, ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó papòdà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láyé àtijọ́. Kì í gùn. Àwọn ọmọ ń fi bi ara wọn léèrè, àwọn àgbà ń ṣe àfikún, nígbà mìíràn wọ́n á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí mo fi ìtàn Crowther àti ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Àgbà, fi ohùn ránṣẹ́ padà. Ó ní, “Ọmọ mi, o káre. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ bíṣọ́ọ̀bù yìí lo ti kà fún wa tán. Ọjọ́ tí wọ́n bí i dà?”

Kò sí. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọjọ́ tó wà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni Myrmidon, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí tí Àjàyí wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún yẹn ló fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní Freetown. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ọ̀gákọ̀ Henry Leeke tó gbà á lójú òkun lọ́jọ́un sì jókòó nínú ìjọ, ó ti di àgbà ọ̀gágun ojú omi. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Gbogbo èyí ṣe é tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ogun wọ Òṣoògùn, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tó yí gbogbo ìyókù padà, kò ní déètì. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ní Fourah Bay ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, ó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un sínú lẹ́tà gígùn kan. Gbogbo ohun tó rí sọ nípa ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ni pé òun rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni. Ọdún ìbí rẹ̀ wá ńkọ́? Àfojúbù ni 1809 tí ọ̀pọ̀ ìwé ń tẹ̀.

Mo ti ka àwọn déètì wọ̀nyí ní àìmọye ìgbà láìbéèrè ẹni tó kọ wọ́n sílẹ̀. Mọ́mì Àgbà ló jẹ́ kí n béèrè. Ìdí tí a fi mọ 7 oṣù Kẹrin ni pé ọ̀gákọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti mú ọkọ̀ ẹrú. Kóòtù ní Freetown fẹ́ rí i, ìjọba sì ń san owó fún àwọn atukọ̀ lórí orí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Ìdí tí a fi mọ 11 oṣù Kejìlá ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé ìrìbọmi. Lẹ́yìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó dá wa lójú, akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tàbí owó tàbí òfin mú kó gbé kálàmù. Ní Òṣoògùn, àwọn èèyàn ní agbára ìrántí tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó máa kọ ọjọ́. Àwọn tó sì rántí, ogun ti tú wọn ká. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Ó kọjá lọ́wọ́ olówó kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó rà á tó tà á tó fi déètì sílẹ̀ fún wa.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí a mọ̀ nípa ìbí rẹ̀ tó dájú ju ọdún 1809 lọ. Ó dojú délẹ̀ wá sáyé. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ èyí bó ṣe gbọ́ Àjàyí, nítorí pé orúkọ àmútọ̀runwá ni, a kì í ronú kí a tó sọ ọmọ ní Àjàyí. Agbẹ̀bí rí i, ó sọ ọ́ jáde, orúkọ dé. Wọ́n jí ọmọ náà gbé, wọ́n tà á, wọ́n gbé e sọdá omi, wọ́n fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò pàdé rí kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ohun tí agbẹ̀bí rí lọ́jọ́ náà wà láàárín Samuel àti Crowther títí di òní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àwọn èèyàn tó rí báyìí: àwọn tí a mọ bí wọ́n ṣe wáyé, tí a kò mọ ọjọ́ tí wọ́n wáyé. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe lérò lọ.

Ní Freetown àti ní Havana, ní orílẹ̀-èdè Kúbà, àwọn kóòtù tó ń dá ẹjọ́ ọkọ̀ ẹrú ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí. Akọ̀wé á jókòó, ògbufọ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á pe ẹni kọ̀ọ̀kan: kí lorúkọ rẹ? Akọ̀wé á kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Á fi ojú díwọ̀n ọjọ́ orí, á wọn gíga ẹni náà, á kọ ilà ojú tàbí àpá tó wà lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kó àwọn ìwé náà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 90,000. Kì í ṣe Yorùbá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ti Yorùbá pọ̀ púpọ̀.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ojú nìkan ka ìwé yẹn. Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò gbọ́ èdè, kò sì tíì sí ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹ ní láti la ẹnu pè é, ẹ pè é sókè, ẹ pè é sísàlẹ̀, títí orúkọ á fi jáde. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó rí i pé Òjó ni ẹni yìí, Àìná ni tọ̀hún, Dàda nìyẹn, Táíwò rèé, a kò sì mọ ibi tí Kẹ́hìndé wà. Mo lo odidi ìrọ̀lẹ́ kan lórí rẹ̀, mo ń ka orúkọ sókè nínú yàrá. Wọ́n ti wọn gíga ọmọ kan débi ìdajì ínǹṣì, ìyá rẹ̀ ti mọ̀ pé ìwọ́ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó ń bọ̀, akọ̀wé tó sì kọ Òjó sílẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rí ìyá lòun ń kọ. Ohun méjèèjì wà lórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà.

Àìná tí ayé mọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n ti mú un, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu ìlú náà ní ọdún 1848. Ọba Gezo fi í pamọ́ sí ààfin. Ní ọdún 1850, ọ̀gákọ̀ Frederick Forbes wá bá Gezo sọ̀rọ̀ kí ó dáwọ́ òwò ẹrú dúró. Gezo kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ó fún Forbes ní ọmọbìnrin yìí kó mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, sọ ọmọ náà. Ojú ló fi wò ó tó fi sọ pé yóò tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà tó ti dé ọwọ́ àwọn tó ń kọ̀wé ni ọjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dájú: ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1850, Ọbabìnrin rí i ní Windsor. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò láti Èkó tí wọ́n bí sí Sierra Leone, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880, àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní ọjọ́ kejì tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún 18.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni ohun tó kọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Orúkọ tó fi ṣáájú nínú ìwé ìgbéyàwó náà ni Ina, kí Sarah Forbes Bonetta tó tẹ̀ lé e. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, ilé òyìnbó ló sì gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò gbàgbé. Lójú gbogbo èrò Brighton tó wá wòran, ó fi orúkọ tí ìwọ́ ọrùn rẹ̀ fún un ṣáájú orúkọ ọkọ̀ ogun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, ìyẹn ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ti ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ tó gbé ìyàwó, ẹlòmíràn lè sọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ yìí náà yẹ ní ojú ewé tirẹ̀. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, Davies ló fún un ní 50 pọ́n-ùn tó fi ra ìwé àti ohun èlò. Ọmọ Crowther, Abigail, ni ìyàwó Macaulay. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé déètì kan á kàn rí i pé ilé kan náà ni òun tún padà dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo akọ̀wé ló ń kọ̀wé fún ìgbéyàwó. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, oṣù Ràmàdáánì ń lọ sópin, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti rà ara wọn padà dìde ogun. Mùsùlùmí ni àwọn aṣáájú wọn, Nàgó ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣẹ́gun wọn. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé, wọ́n ń kó èèyàn, kóòtù jókòó, kálàmù sì ń lọ lórí ìwé lójoojúmọ́. Bí ìbínú ìjọba ṣe pọ̀ tó ni ìwé tí wọ́n kọ ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, a mọ ìgbé ayé àwọn Yorùbá Salvador ní ọdún yẹn ju bí a ṣe mọ ti ọ̀pọ̀ ìlú nílé ní ìgbà kan náà: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ilé tí wọ́n háyà, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun.

Bàbá kan wà láàárín wọn, Licutan, tí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ẹ̀wọ̀n ló wà kí ogun náà tó ṣẹlẹ̀. Kò ṣẹ̀, olówó rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n sì tì í mọ́lé gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀ ní kóòtù, ó ní Bilal. Inú bí adájọ́, ó ní òun mọ̀ pé Licutan ni. Bàbá náà dáhùn pé òótọ́ ni pé wọ́n ń pe òun ní Licutan, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá wu òun ni òun lè jẹ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la sì ń kà lónìí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n pa mẹ́rin nínú wọn ní gbangba. Wọ́n ti ri igi tí wọ́n fẹ́ fi so wọ́n rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹnì kankan tó gbà láti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà wọ́n yìnbọn fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ẹni tó ti gba òmìnira, ń jẹ́ Jorge da Cruz Barbosa. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn, akọ̀wé kọ orúkọ tó mú wá láti ilé: Ajahi.

Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á. Àjàyí kan, ọkọ̀ ogun pàdé rẹ̀ lójú òkun, ó sì dé Freetown. Àjàyí kejì, ọkọ̀ kankan kò pàdé rẹ̀. Brazil ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú tó ń kúrò ní Èkó nígbà yẹn ń lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1835 tí wọ́n to ìbọn sí ọ̀kan, èkejì ń ṣe olùkọ́ ní Sierra Leone. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló yà wọ́n, n kò lè sọ pé ọgbọ́n ni tàbí ìwà. Ibi tí atẹ́gùn gbé ọkọ̀ méjì gbà ni. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, ọjọ́ yẹn nìkan ni kò sí ẹni tó jiyàn.

Bí akọ̀wé ṣe kọ Ajahi yẹn, Crowther náà kọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ń fi àwọn lẹ́tà “h” kún un níbi tí a kò fi sí mọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844 ló ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Nígbà tó parí, àwọn tó wà níbẹ̀ dáhùn lóhùn kan, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ báyìí: “Ke oh sheh.” Ẹ kà á jáde. Kó ṣẹ! Àwọn tí wọ́n tú jáde látinú ọkọ̀ ẹrú ni, wọ́n kóra jọ sí ilẹ̀ àjèjì, wọ́n gbọ́ èdè ilé wọn lẹ́nu ẹni tó wọṣọ àlùfáà, wọ́n sì ṣe ohun tí wọn ì bá ṣe nílé bí àgbà bá ṣàdúrà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1875, Crowther ló jókòó lórí àga ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó lórí bí wọ́n á ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, tí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ sì fìdí múlẹ̀. Àmì kékeré yẹn ló jẹ́ kí akọ̀wé lè gbọ́ orúkọ wa bó ṣe rí. Àwọn tó ń fò ó tí wọ́n bá ń tẹ̀wé lórí fóònù, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kọ ọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn èèyàn wa kò ka ìgbà. Wọ́n kà á dáadáa, ohun tí wọ́n fi ń kà á ló yàtọ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arókìn ń ka Aláàfin láti orí ọ̀kan dé èkejì, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ wọn ni Samuel Johnson ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó parí ní 1897, tí ìwé àfọwọ́kọ sọnù, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, tó sì jáde ní 1921, nígbà tí àwọn méjèèjì ti kú. Èkìtì àti Ìbàdàn ń fi ogun Kírìjí ka ọjọ́ orí. Ìró ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò tú ká pátápátá títí di 1893. Àwọn Ẹ̀gbá ní Ìfọ́lé, ìyẹn oṣù Kẹwàá ọdún 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde ní Abẹ́òkúta, tí ìtẹ̀wé Ìwé Ìròyìn sì dákẹ́. Àwọn mìíràn ní àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918.

Mọ́mì Àgbà ní tirẹ̀. Lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ni wọ́n kọ, nítorí pé nígbà tó ní òun kò mọ déètì, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kàn yan èyí tó rọrùn. Ọdún tó wà níbẹ̀ pàápàá kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó ní ìyá àwọn sọ fún òun pé ìgbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n bí òun, àti pé òun ti ń rá, òun sì ń gbìyànjú láti dìde, lọ́jọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, tí àwọn adìyẹ wọlé lọ sùn, tí àwọn obìnrin ń pariwo lọ́jà.

Oòrùn kì í ṣókùnkùn lásán kí ó má ní déètì. Òṣùpá bo oòrùn lórí gúúsù Nàìjíríà ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tí ọmọ bá ń rá nígbà náà, tó sì jẹ́ pé ìgbà iṣu tuntun ni wọ́n bí i, oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ ọdún 1946 ni. Ìyá mi àgbà tí kò kàwé gbé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ lé oòrùn lọ́wọ́, ó sì wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún títí ẹnì kan fi wá béèrè. Ìwé ìjọba ní ọjọ́ kan pátó, irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ní oṣù méjì láàárín ọdún kan, òótọ́ ni. Mo fi ìṣirò náà han Mọ́mì Àgbà. Ó wò ó, ó ní, “Ìyá mi kì í purọ́.”

Nínú ìdílé Crowther, ìran mẹ́ta péré ni ó gbà kí nǹkan tó yí padà. Ìyá rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìbí, àyàfi ọjọ́ ìrìbọmi, ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Crowther kò ní. Ṣùgbọ́n ọmọ Abigail àti Macaulay tí wọ́n bí ní Èkó, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni, kò sí àríyànjiyàn. Oṣù mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n bí Herbert Macaulay, ẹni tó wá bá ìjọba òyìnbó fà á nítorí ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946. Hannah wà láàyè títí di 1883. Ó rí ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ní ọjọ́ ìbí.

Ẹnì kan wà tí n kò tíì mọ ibi tí màá fi sí lórí kàlẹ́ńdà mi. Ní oṣù Keje ọdún 1860, nígbà tí ó ti lé ní 50 ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, ọkọ̀ Clotilda yọ́ wọ Mobile ní Alabama pẹ̀lú àwọn èèyàn tí Dàhòmì kó lẹ́rú. Ọmọ ọdún bíi méjì kan wà nínú wọn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ya ìyá náà kúrò lára àwọn kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́. Matilda McCrear ni ọmọ náà ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma láti béèrè pé kí wọ́n san nǹkan fún òun nítorí bí wọ́n ṣe jí òun gbé wá. Adájọ́ kò dá a lóhùn. Ìyẹn náà, akọ̀wé ìwé ìròyìn kan ló fi í sílẹ̀ fún wa.

Ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Àbákẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é kí ọkọ̀ tó dé. Oríkì kì í sọ bí ọmọ ṣe wáyé bíi ti Àjàyí tàbí Àìná. Ohun tí àwọn òbí fẹ́ fi ọmọ ṣe ni ó ń sọ, ti Àbákẹ́ sì ni pé kí gbogbo wọn jọ kẹ́ ẹ. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1940, n kò sì rí ọjọ́ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Mo lè fi í sí oṣù Keje, sí ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn tó jí i gbé ni ọjọ́ yẹn. Oṣù Kìíní ni mo kọ ọ́ sí, Àbákẹ́ ni mo kọ, mo sì fi ibi tí déètì máa ń wà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.